Bọ́ọ̀sì Tó Yí Prince George's Ká: Ohun Tí Dọ́là 65 Rà Fún Mi

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, mo san dọ́là 65 láti wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ó máa ń kó èrò yí káúńtì Prince George's ká, ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlérí wọn ni pé láàárín wákàtí méje, àwọn yóò fi hàn wá bí ilẹ̀ oko tábà ṣe di ibùgbé ńlá ní ẹ̀bá Washington, tí àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020 fi lé ní 967,000. Tọkọtaya kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni òwò náà. Bàbá ń wakọ̀, màmá ń sọ ìtàn. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé òwò wọn kéré, àríwísí mi kò sì kéré, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo sọ kí nǹkan lè dára sí i di ohun tí yóò lé oníbàárà sá fún wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní agbègbè yìí kò mọ̀ ju PG tí a ń pè é lọ. A wà ní Bowie, Lanham, Laurel àti Hyattsville. A mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a mọ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, a mọ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu gidi, a sì mọ wákàtí tí mọ́tò kì í lè rìn lójú Beltway, òpópónà ńlá tó yí Washington ká. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá béèrè ìdí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi pọ̀ tó báyìí níhìn-ín, nígbà tí wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní káúńtì Montgomery tí a jọ pààlà, ọ̀rọ̀ a máa há sí wa lọ́nà ọ̀fun. Ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn. Ìbéèrè tí mo gbé wọ inú bọ́ọ̀sì ni pé: ta ni wọ́n gbà láàyè láti gbé ibo, ní ìgbà wo, ta ló sì pinnu rẹ̀? Òun náà ni mo fi wọn gbogbo ibi tí a dúró sí.

Ibùdókọ̀ rélùwéè New Carrollton ni a ti wọkọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ibi tó bọ́gbọ́n mu ni, nítorí pé rélùwéè Metro ti ń dé ibẹ̀ láti Washington láti ọdún 1978, ẹni tí kò ní mọ́tò kò sì ní sọ pé òun kò rí ọ̀nà gbà débẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́rìndínlógún ni a sì jókòó sínú rẹ̀ láìfún ara wa pa. Gbohùngbohùn nìkan ni kò dára. Bí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀, a máa han goorogo, àwọn tó wà lẹ́yìn a sì máa na ọrùn bí ìgbín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, kí ó tètè dé, kí ó sì jókòó síwájú.

Upper Marlboro ni a kọ́kọ́ dúró sí, ìlú kékeré tí ó ti jẹ́ olú-ìlú káúńtì yìí láti ọdún 1721. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1696, nígbà tí wọ́n gé ilẹ̀ kúrò lára káúńtì Charles àti Calvert, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Ọmọọba George ti Denmark, ọkọ Anne tí ó padà jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣàlàyé dáadáa pé káúńtì náà tóbi ju báyìí lọ nígbà náà, pé ní 1748 ni wọ́n yọ káúńtì Frederick kúrò lára rẹ̀, àti pé ní 1791 wọ́n tún gé nínú ilẹ̀ rẹ̀ kí orílẹ̀-èdè tuntun náà lè rí ibi kọ́ olú-ìlú sí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú àlàyé wọn ni ti tábà. Wọ́n ní tábà kì í ṣe irè oko lásán láyé ìgbà náà, òun gan-an ni owó: òun ni wọ́n fi ń san owó orí, òun náà ni wọ́n fi ń bọ́ àlùfáà ìjọ.

Ṣùgbọ́n ta ló gbin tábà náà? Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni màmá fi dá ìyẹn lóhùn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1860, ọdún kan kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹrú ju ìdajì gbogbo èèyàn tó wà ní Prince George's lọ, kò sì sí káúńtì mìíràn ní Maryland tí iye ẹrú rẹ̀ tó tirẹ̀. Ìkéde òmìnira tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní ọdún 1863 kò kàn wọ́n, nítorí pé Maryland kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1864, nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni wọ́n tó bọ́. Ó yẹ kí a lo ìdajì wákàtí lórí èyí, nítorí pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ yóò rò pé àlejò ni àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ní káúńtì yìí, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Washington ni. Ó kéré tán, wọ́n ti wà níbẹ̀, tí wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọn ilẹ̀ ẹ́síteètì àkọ́kọ́.

Àléébù kejì ni bí wọ́n ṣe to ìrìn-àjò náà. Títì ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn kò tẹ̀ lé ọdún. Nítorí pé Bowie sún mọ́ Upper Marlboro ju Greenbelt lọ, a gbọ́ ìtàn 1960 kí a tó gbọ́ ti 1937, ẹni tí kò bá sì mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọdún padà sí àyè wọn. Epo mọ́tò ni wọ́n ń dá sí, mo mọ̀.

Ní Bowie, a dúró níwájú ilé ńlá Belair, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1745 fún Samuel Ogle, gómìnà Maryland nígbà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹṣin ló sọ ilé yìí di olókìkí. Gallant Fox àti ọmọ rẹ̀ Omaha, tí wọ́n gba adé mẹ́ta eré ẹṣin Amẹ́ríkà (ìyẹn ni pé wọ́n borí nínú eré ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan náà) ní 1930 àti 1935, ilé ẹṣin Belair ló ni wọ́n. Ogún ìṣẹ́jú ni màmá fi sọ̀rọ̀ ẹṣin. N kò kórìíra ẹṣin, ṣùgbọ́n mo fi aago mi wò ó: ẹṣin méjì gba nǹkan bí ìlọ́po méje àkókò tí gbogbo ẹrú káúńtì náà gbà.

Ní 1957 ni ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Levitt, tí wọ́n ti kọ́ ibùgbé ńlá tí wọ́n ń pè ní Levittown sí New York àti Pennsylvania, ra ilẹ̀ Belair. Ní 1960 wọ́n ti ń ta ilé níbẹ̀, iye tí wọ́n sì kọ́ níkẹyìn tó nǹkan bí 9,000. A sọ̀ kalẹ̀, a rìn ní àdúgbò kan, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí mo ti ń wakọ̀ kọjá lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìfiyè sí i: ní abala tí wọ́n ń pè ní Somerset, lẹ́tà S ni orúkọ gbogbo òpópónà fi bẹ̀rẹ̀, ní Kenilworth, K ni, ní Foxhill, F. Màmá ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọn kì í gbẹ́ àjà ilẹ̀, kọnkéré ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan yóò gbé igi ró, tí òmíràn yóò kan òrùlé, tí òmíràn yóò kùn ún, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń gbé láti ilé dé ilé. Bí ilé-iṣẹ́ mọ́tò ni, àfi pé níbí, mọ́tò ló dúró, òṣìṣẹ́ ló ń rìn. Ìdí nìyẹn tí owó ilé náà fi mọ níwọ̀n tí agbára akọ̀wé ìjọba ká.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni màmá fi sọ pé Levitt kì í ta ilé fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà, wọ́n sì ti ń yíjú padà sí bọ́ọ̀sì nígbà tí bàbá kan nínú àwa èrò gbé ọwọ́ sókè. Bàbá náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ bíbí Glenarden ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n tọrọ àyè kí àwọn fi díẹ̀ kún un. Wọ́n rán wa létí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí ó ti di Bowie State University lónìí, ti wà ní ìlú Bowie yìí kan náà láti 1911, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ níbẹ̀ ní 1961 lè kọ́ ọmọ, kò kàn lè ra ilé ní ọ̀nà máìlì díẹ̀ sí kíláàsì rẹ̀ ni. Wọ́n sọ bí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣe wá jókòó sí ilé àfihàn Levitt ní 1963, tí wọ́n kọ̀ láti dìde. Wọ́n sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 ló wá ká ọwọ́ àwọn ontalé kò jákèjádò Amẹ́ríkà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ara kọ owó oníbàárà mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yin màmá níbí. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ni yóò bínú pé èrò kan fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n na gbohùngbohùn sí bàbá, tí wọ́n sì fà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e ló dára jù nínú gbogbo ọjọ́ náà.

Greenbelt ló tẹ̀ lé e, níbẹ̀ ni màmá sì ti fi hàn pé iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì kúrò lára wọn. Wọ́n pa gbohùngbohùn, wọ́n ní kí a máa fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ṣì ń fi ojú aráyé rí màbo ní Amẹ́ríkà, ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt fi owó ìlú kọ́ ìlú tuntun mẹ́ta lábẹ́ ètò kan tí Rexford Tugwell darí: Greenbelt níbí, Greenhills ní Ohio, àti Greendale ní Wisconsin. Èrò méjì ló wà nínú ètò náà: kí àwọn tí kò níṣẹ́ rí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe, kí àwọn tí owó oṣù wọn kéré sì rí ilé tó bójú mu gbé. Ìdílé àkọ́kọ́ kó wọlé ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1937. Ilé 885 ló wà níbẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe to ìlú náà. Ojú ilé kò kọ sí títì, ọgbà ló kọ sí. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú wọlé tí wọ́n sì ń kó pàǹtí jáde, ló kọ sí títì. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín ọgbà, yóò gba abẹ́ títì kọjá nínú ihò kan tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, yóò sì bọ́ sí àárín ìlú láìfojú kan táyà mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè dá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí sí sinimá, èyí tí ó ṣí ní 1938. Wọ́n gbẹ́ adágún omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fi igbó yí gbogbo rẹ̀ ká kí ìlú mìíràn má baà gbé ara lé e; igbó yẹn ni orúkọ ìlú náà ń wí. Mo ti gbé ní ẹ́síteètì méjì ní káúńtì yìí tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kankan láti ilé dé ibi tí èèyàn ti lè ra búrẹ́dì, nítorí náà inú bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń rìn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ní 1937.

A wọ ilé kan tí wọ́n ti sọ di musíọ̀mù láti 1987. Àga àti tábìlì tí ìjọba dìídì ṣe fún àwọn ilé kéékèèké wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láìsí ọ̀ṣọ́ àṣejù. Yàrá ìdáná rẹ̀ há débi pé ẹni méjì kò lè yí padà nínú rẹ̀ láìforí gbárí. Ibẹ̀ ni màmá ti dúró, tí wọ́n sì sọ ohun tí mo ti ń retí láti àárọ̀, láìfi bòyí bòyí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò gbé Greenbelt. Wọ́n ń yẹ owó oṣù wò, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù kò ní rí ilé. Wọ́n tún ń wo àwọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí wọ́n ro ilẹ̀ tí wọ́n sì mọ ilé náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n gbà láàyè láti háyà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni Levitt, èèyàn lè pe tirẹ̀ ní ìwà oníṣòwò. Ní Greenbelt, owó orí gbogbo èèyàn, títí kan ti aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n fi kọ́ ìlú tí òyìnbó nìkan gbé. Bí màmá bá lè sọ ọ̀rọ̀ báyìí ní Upper Marlboro àti Bowie, n kò ní ní àròyé kankan.

Ní 1952, nígbà tí ìjọba fẹ́ yọ ọwọ́, àwọn ará ìlú náà kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n sì ra àwọn ilé náà. Títí di òní, ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú wọn, ìpín nínú ẹgbẹ́ ló rà, ẹgbẹ́ ló ni ògiri àti òrùlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà nínú bọ́ọ̀sì wa ń bi ara wọn léèrè bí irú rẹ̀ ṣe lè ṣeé ṣe. Èmi tí màmá mi fi owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kàn ń rẹ́rìn-ín ni. A jẹun ọ̀sán ní àárín ìlú náà. Owó oúnjẹ kò sí nínú dọ́là 65, ó sì yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó sanwó.

College Park kò gbà wá lákòókò púpọ̀, kò sì yẹ kó gbà wá. A rí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí Wilbur Wright ti kọ́ àwọn ọmọ-ogun ní ọkọ̀ wíwà ní 1909, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní, a sì gba iwájú yunifásítì ìpínlẹ̀ náà kọjá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1856. Láti ibẹ̀ sí Hyattsville, màmá tọ́ka sí ojú irin tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè Baltimore àti Ohio (B&O) là láti Baltimore dé Washington ní 1835, wọ́n sì ṣàlàyé pé ojú irin yẹn, àti ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro tó tẹ̀ lé e, ló bí Hyattsville, Riverdale àti Mount Rainier. Ìgbà yẹn ni káúńtì náà kọ́kọ́ di ibi tí èèyàn lè sùn kó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Washington lójúmọ́. Ó mọ níwọ̀n nígbà náà: ní 1900, gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò pé 30,000.

Ibi tí mo ti bínú gan-an ni North Brentwood, nítorí pé bọ́ọ̀sì kò dúró níbẹ̀ rárá. Ìlú kékeré yìí ni àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ tí wọ́n sì gba àṣẹ láti ṣàkóso fúnra wọn ní káúńtì náà, ní 1924. Wallace Bartlett, òyìnbó kan tí ó ti ṣe ọ̀gá fún àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú nígbà ogun abẹ́lé, ló ta ilẹ̀ fún wọn. Ó gbà láti tà á fún wọn, ìyẹn ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ibi tó rẹlẹ̀, tí odò máa ń ya wọ̀, ni ó tà fún wọn, ibi tó ga díẹ̀ sì di Brentwood ti àwọn òyìnbó. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé ìdènà sí ojú títì Windom láàárín ìlú méjèèjì. Ọgbà kékeré kan wà níbẹ̀ lónìí tí ó ń ṣe ìrántí ìdènà náà. Ojú fèrèsé ni a ti wò ó, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí iná títì dá wa dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pín káúńtì yìí, ogún ìgbésẹ̀ ní ojú títì yẹn tó o.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n fi sí ìparí, lójú Beltway, níbi tí gbohùngbohùn ti burú jù. Ní 1950, èèyàn 194,000 ló wà ní Prince George's. Ní 1960, wọ́n di 357,000. Ní 1970, wọ́n ti lé ní 660,000. Màmá ka àwọn ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá: àjọ ìkànìyàn tí ó ti wà ní Suitland láti 1942, ibùdó ọmọ-ogun òfuurufú ní Andrews, àjọ NASA tí ó gbé ibùdó Goddard kalẹ̀ ní Greenbelt ní 1959, òpópónà Baltimore sí Washington tí ó ṣí ní 1954, àti Beltway fúnra rẹ̀ tí wọ́n parí ní 1964. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fò lọ sí National Harbor, tí ó ṣí ní 2008 létí odò Potomac, àti ilé tẹ́tẹ́ ńlá tó tẹ̀ lé e ní 2016.

Ọdún 1980 dà? Láàárín 1970 sí 1980, iye èèyàn tó fi kún ti tẹ́lẹ̀ kò tó 5,000. Kí ló dá ohun tó ń sáré bẹ́ẹ̀ dúró lójijì? Mo béèrè, ìdáhùn tí mo rí gbà láti ẹnu màmá kò ju pé ìjọba fi òté lé ilé kíkọ́ nítorí pé páìpù omi ẹ̀gbin ti kún. Òtítọ́ ni ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan òtítọ́ sì ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni pé àwọn òyìnbó ń kó jáde bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń wọlé, tí àpapọ̀ iye fi dà bí ẹni pé kò yí padà. Nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún ní 1970, aláwọ̀ dúdú jẹ́ nǹkan bíi mẹ́rìnlá. Ní 1980 wọ́n ti di mẹ́tàdínlógójì. Ní 1990 wọ́n ti ju ìdajì lọ. Òfin 1968 ló ṣí ìlẹ̀kùn fún ìdílé láti Washington tó ń wá àgbàlá àti ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ní àárín ọdún ẹ̀kọ́, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ láti àdúgbò kan sí ilé-ẹ̀kọ́ òmíràn, kí ọmọ dúdú àti funfun lè jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó pàtẹ ilé wọn fún títà. Ní 1978, àwọn olùdìbò fi gbèdéke sí owó tí káúńtì lè gbà lórí ilé àti ilẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n de ọwọ́ àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò tí ọmọ ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú kíláàsì.

Kò sí ọ̀kan nínú èyí tí màmá sọ. Bàbá ará Glenarden ló sọ ti 1973, ní ohùn jẹ́jẹ́, fún àwa mẹ́ta tí a wà nítòsí wọn. Àwọn náà wà lára àwọn tó wa bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn. Wọ́n ní ohun tí àwọn rántí jù ni pé inú bọ́ọ̀sì máa ń pa rọ́rọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti pé nígbà tó fi di oṣù kẹta, ariwo àwọn ọmọ náà ti fẹ́ẹ̀ fọ́ gíláàsì.

Wọ́n tún fo Wayne Curry, tí wọ́n dìbò yàn ní 1994 gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí ìjọba káúńtì náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti òyìnbó nìkan tẹ́lẹ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ Mitchellville kọjá, màmá sì fi ìgbéraga tọ́ka sí àwọn ilé gàgàrà tí àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kọ́ síbẹ̀; wọn kò sọ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ilé dàrú káàkiri Amẹ́ríkà láti 2007, kò sí káúńtì ní Maryland tí báńkì ti gba ilé lọ́wọ́ onílé tó ti Prince George's. Ní Langley Park, níbi tí àwọn tó wá láti Latin Amẹ́ríkà pọ̀ sí, tí wọ́n sì ń la ojú irin Purple Line tí yóò dé New Carrollton, ohun tí a gbọ́ kò ju pé títì bàjẹ́. Àwa tí a ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àwa ará Nàìjíríà náà, a kò wọ inú ìtàn náà rárá.

Ṣé kí èèyàn lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ti gbé ní káúńtì náà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Greenbelt nìkan tó dọ́là 40 nínú 65 náà. Bàbá awakọ̀ rọra ń wakọ̀, wọ́n sì ń dúró fún àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ tó wákàtí kan, nítorí náà kí èèyàn wọ bàtà tó rọ̀. N kò ní kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ, àfi tí ó bá fẹ́ràn ẹṣin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo kọ gbogbo àríwísí yìí ránṣẹ́ sí tọkọtaya náà, mo sì retí pé wọn kò ní dá mi lóhùn. Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn dé. Wọ́n ní àwọn ti ra gbohùngbohùn mìíràn, àti pé láti oṣù kẹsàn-án, bọ́ọ̀sì yóò máa dúró ní North Brentwood, bàbá ará Glenarden yóò sì máa bá wọn wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti sọ ti 1973. Owó ọjọ́ tí bàbá bá wà níbẹ̀ yóò di dọ́là 75. Mo ti san tèmi.